Orí Kẹta: Ka Ẹsẹ Kan, Kí O Dákẹ́

Bí o bá ti jókòó rí níbi tafsir ààwẹ̀ ní Ilé-Ogbó, ní Kúta tàbí ní Ìwó, o ti rí ènìyàn méjì tó ń ṣe iṣẹ́ tí orí ìwé yìí fẹ́ kọ́ ọ. Èkíní ni ajánàsí. Òun ní í ka ẹsẹ Kùránì kan sókè, tí yóò sì dákẹ́. Èkejì ni àfáà tó ń túmọ̀. Àfáà kì í torí pé ẹsẹ kúrú kó sáré fò ó. Yóò yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo ìjọ: ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí? Ta ni wọ́n ń bá wí? Kí ló ṣẹlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí fi wáyé? Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n lò, tí wọn kò lo ìkejì rẹ̀? Ìgbà tó bá tú u palẹ̀ tán ni yóò tó kọjú sí ìjọ pé, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé.

Wá wo kíláàsì lítíréṣọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ojú-ìwé kan tán ni, ọwọ́ ti lọ sókè: "Sà, ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé kí á máa gbọ́ràn sí àwọn òbí wa lẹ́nu." Ẹ̀kọ́ ti dé, ìtàn ò tíì dé. Àlọ́ ìjàpá ló mọ́ wa lára bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bi wá ní ohun tí a rí kọ́ bí ìjàpá bá ti kó sí wàhálà tán. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀kọ́. Àmọ́ gbígbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, ẹni tí kò fojú kan ìwé náà rí lè sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ tí aláìkàwé lè bá ọ sọ kì í ṣe èrè ìwé kíkà.

Òfin kan ṣoṣo tí orí yìí ní nìyẹn: ẹ̀yìn ni ẹ̀kọ́ ń gbé. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni a ó gbà dé ibẹ̀.

Ohun tí o nílò

Ìwé kan, pẹ́ńsùlù kan, ìwé àjákọ kan, àti ohùn rẹ. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún tí ìwé sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má dúró de ìgbà tí owó ìwé yóò pé. Kí ẹnì kan ṣe ajánàsí, kó máa kà; kí àwọn mẹ́rin yòókù máa tú u. Ẹ pààrọ̀ ara yín ní ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ tán, ẹ ó mọ ìwé náà ju ẹni tó dá ra tirẹ̀ tó sì ń dá kà á lórí bẹ́ẹ̀dì lọ.

Ìwé atúmọ̀ èdè náà wúlò. Ó ti pẹ́ tí a ti ní in: Thomas Jefferson Bowen, òyìnbó oníwàásù tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ Yunifásítì Bowen tó wà ní Ìwó, tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1858. Ṣùgbọ́n fún ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ aṣọ, ọ̀rọ̀ ilé ọba àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ àtijọ́, ìyá àgbà tó wà nílé yín ni kí o kọ́kọ́ bi. Wọn yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọ, wọn yóò tún sọ irú ẹni tó máa ń sọ ọ́ àti ibi tí kò ti yẹ kí ọmọ dáadáa sọ ọ́. Ìyẹn kì í sí nínú ìwé atúmọ̀.

Àyọkà tí a ó fi ṣiṣẹ́

Orí yìí ni mo kọ àyọkà yìí fún. Kò jáde láti inú ìwé kankan.

Ràbíátù ránṣẹ́ láti Èkó pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ̀ pọn omi kún àmù. Ó gbá àgbàlá. Ó gbá iwájú ilé. Ó gbá ojú títì tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó da omi àmù nù sẹ́yìn ilé, ó gbé garawa, ó tún gba ọ̀nà odò lọ.

Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ̀kọ́ bá ti ń yọ sí ọ lórí ahọ́n, gbé e mì ná.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Kà á sókè

Ohùn ni èdè wa fi ń rìn. Mú àmì ohùn kúrò lórí igbá, ìgbà àti igba, gbogbo wọn á di ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ojú nìkan kàwé kò ní í mọ èyí tó gbé dání nínú ìgbá tí a ń jẹ àti igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Nítorí náà, ṣí ẹnu rẹ.

Gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyọkà wa. Gbá, gbá, gbá: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ohùn lọ sókè. Nígbà tó di ìparí, ó gba ọ̀nà odò. Ohùn ti wálẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì kan náà ni, fáwẹ̀lì kan náà ni, ṣùgbọ́n agbára inú ìgbálẹ̀ ti lọ nínú ìrìn odò. Ìfọ̀rọ̀dárà ni èyí. Bí o bá fi ojú kà á, o lè má rí i láéláé. Akéwì tó mọ̀ ọ́n kọ, orí irú nǹkan báyìí ló ń kọ́lé sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Béèrè ẹni tó ń sọ ìtàn

Òǹkọ̀wé yàtọ̀ sí asọ̀tàn. Òǹkọ̀wé ni orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé. Asọ̀tàn ni ohùn tí òǹkọ̀wé dá sílẹ̀ láti máa bá wa sọ̀rọ̀. Àwọn lámèyítọ́ wa ní orúkọ fún ọ̀nà méjì tó wọ́pọ̀ jù. Bí asọ̀tàn bá jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀, tó ń sọ pé "mo rí i, mo ṣe é", ojúmilóṣe ni a ń pè é. Bí kò bá sí nínú ìtàn, tó sì mọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń rò nínú, arínúróde ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá, tó fi ìgbà èwe rẹ̀ gbádùn ayé pẹ̀lú ọkùnrin, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni, wọ́n sì ń káàánú rẹ̀. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, I. B. Thomas, ló ń jókòó kọ gbogbo rẹ̀. "Èmi" tí ó lò ló mú wọn. Lónìí, àwọn lẹ́tà náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

D. O. Fágúnwà tún fi asọ̀tàn dá bírà tirẹ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. "Èmi" méjì ló wà níbẹ̀: ẹni tó jókòó tó ń kọ̀wé, àti Àkàrà-Ògún, ọdẹ tó wá bá a tó ní kó mú kálámù. Bí o bá ń kà á, máa bi ara rẹ pé "èmi" wo ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn òǹkọ̀wé òde òní náà ń lo ọgbọ́n yìí. Nínú Stay With Me (2017), ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ gbé kalẹ̀ sí Iléṣà, ní ìpínlẹ̀ tiwa níbí, Yéjídé àti ọkọ rẹ̀ Akin ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Akin mọ ohun tí Yéjídé kò mọ̀. Ìwọ òǹkàwé ni ọ̀rọ̀ tọkọtaya náà ń pàdé lọ́wọ́ rẹ, bí ìgbà tí wọ́n pe àna wá parí ìjà.

Padà sí àyọkà wa. Asọ̀tàn kò sí nínú ìtàn, ṣùgbọ́n kò wọ inú ìyá Ràbíátù lọ. Ìta ló dúró sí tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Kọ ìlà àkọ́kọ́ padà bí ojúmilóṣe: "Ọmọ mi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀." Ṣé o rí i? Lójú ẹsẹ̀ ni ìyá á ti fẹ́ sọ bó ṣe rí lára rẹ̀. Ẹni tó dúró síta ló jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ wà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ṣọ́ ohun tí wọ́n tún sọ, àti ohun tí wọn kò sọ

Fi pẹ́ńsùlù yí gbogbo ohun tó jáde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ká. Tìrẹ á mú gbá, á sì mú omi. Àwítúnwí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, wá èyí tó yapa láàrin wọn. Gbogbo ènìyàn ló ń gbá àgbàlá bí àlejò bá ń bọ̀, gbogbo ènìyàn ló ń gbá iwájú ilé. Ta ní í gbá títì? Ẹni tó ti gbá ilé tán tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì fẹ́ dúró, tó sì fẹ́ wà níbi tí ojú rẹ̀ á ti tó ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọ̀lú.

Èyí tó le jù ló kàn. Ọjọ́ Ẹtì dà? Àyọkà bọ́ láti orí ìgbálẹ̀ sí àárọ̀ Àbámẹ́ta. Kò sí ìlà kan tó sọ pé Ràbíátù kò wá. Kò sí ìlà kan tó sọ pé inú ìyá rẹ̀ bàjẹ́. Síbẹ̀ ìwọ mọ̀. Báwo lo ṣe mọ̀? Omi tí ẹnì kankan kò mu ló sọ fún ọ. Kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, nítorí ìwé kíkà gan-an nìyẹn: kí o mọ nǹkan, kí o sì lè tọ́ka sí ibi tí o ti mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Wo ibùdó ìtàn dáadáa

Ibùdó ìtàn kì í ṣe orúkọ ìlú àti ọdún lásán. Nígbà mìíràn, aṣọ ni òǹkọ̀wé fi bo ara rẹ̀. Àgídìgbo là ń lù bí òwe bí òwe. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Ní 1999, fíìmù Saworoidẹ jáde. Akinwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀, Túndé Kèlání ló darí rẹ̀. Ìlú Jogbo ni wọ́n pe ibùdó rẹ̀. Ìlú bẹ́ẹ̀ kò sí lórí máàpù. Ọba tó sá fún májẹ̀mú ìlú, igbó tí wọ́n ń gé tà, ológun tó já wọ ààfin: kò sí ọmọ Nàìjíríà ìgbà náà tó nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ibi tí Jogbo wà fún òun.

Lọ jìnnà díẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Filipínì, nílẹ̀ Éṣíà, akéwì kan tó ń jẹ́ Francisco Balagtas tẹ ewì gígùn kan jáde ní èdè Tagalog ní 1838. Florante at Laura ni àkọlé rẹ̀. Àwọn òyìnbó Sípéènì ló ń jọba lé wọn lórí nígbà náà, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ òdì sí wọn, ó ń fi iná ṣeré. Kí ni Balagtas ṣe? Ó gbé ìtàn rẹ̀ lọ sí Albáníà, nílẹ̀ Yúróòpù, ó wá ń ráhùn níbẹ̀ nípa ìwà ìkà àwọn alágbára. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ Filipínì ló gbà pé orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ló ń sunkún fún. Albáníà ni Jogbo tirẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ Jogbo, Balagtas kò ní í ṣòro fún un láti mọ̀, bí ọdún 161 tilẹ̀ wà láàrin wọn.

Nínú àyọkà wa, odò àti títì ni kí o wò. Títì ni ìròyìn Èkó ń gbà wọlé. Odò ni ìyá ń lọ. Ó kúrò lójú títì ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n ìdí tó fi lọ sódò, ti títì náà ni.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Má tíì dá ẹ̀dá ìtàn lẹ́jọ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni òǹkọ̀wé ń gbà fi ìwà wọ ẹ̀dá ìtàn: ohun tó ṣe, ohun tó sọ, ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ nípa rẹ̀. Fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé àjákọ rẹ, kí o máa kọ ẹ̀rí sábẹ́ wọn. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀tá sọ, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọwọ́ ṣe.

Eré onítàn tí Akinwùmí Ìṣọ̀lá kọ, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí a tẹ̀ ní 1970, ni kí o fi dánra wò. Ìyálóde Ìbàdàn tó fòfin de ẹrú rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ bímọ. Adétutù, ẹrú tó lóyún. Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ ni pé, "Ṣé ìkà ni Ẹfúnṣetán?" Ọmọ ilé ìwé á ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà", ó parí. Ṣùgbọ́n gbé eré náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn. Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tó jáde ní 1921, ní àwọn ẹrú Ìyálóde náà ni wọ́n pa á nínú ilé rẹ̀ ní 1874, ọwọ́ Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, sì wà níbẹ̀. Nínú eré, májèlé ló fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Kí ló dé tí òǹkọ̀wé fi yí ikú rẹ̀ padà?

Bi ara rẹ báyìí, ìdáhùn méjì ó kéré tán ni yóò jáde. Èkíní: agbéraga tí kò jẹ́ kí ọ̀tá pa òun ni òǹkọ̀wé fẹ́ kí á rí, kí ikú rẹ̀ bá ìwà rẹ̀ mu. Èkejì: bí ó bá ti pa ara rẹ̀, ọwọ́ Látòósà mọ́, àwa òǹwòran á sì padà sílé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan ti ń jiyàn pé eré yìí ló jẹ́ kí ayé máa rí obìnrin náà bí òṣìkà nìkan, tí wọ́n fi gbàgbé oníṣòwò ńlá àti olóṣèlú tó jẹ́. O kò ní láti gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí "ìkà ni" má ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nísinsìnyí, ẹ̀kọ́

Gbogbo ẹ̀rí ti wà nílẹ̀. Kí ni àyọkà Ràbíátù ń sọ? Ẹni tó sáré á ní, "Kí àwọn ọmọ máa tọ́jú ìyá wọn." Yẹ̀ ẹ́ wò: ìlà wo ló bá Ràbíátù wí? Kò sí. A kò tilẹ̀ mọ ohun tó dá a dúró. Ẹni tó fara balẹ̀ á sọ pé àyọkà náà ń fi hàn pé ìrètí máa ń gba iṣẹ́. Ìyá náà kò fi omi àná sílẹ̀ de ọmọ rẹ̀, omi tuntun ló ń lọ pọn. Ẹlòmíràn lè ní kì í ṣe ìrètí, pé ìyá kò mọ ohun mìíràn tí yóò fi ọwọ́ ṣe ni. Àwọn méjèèjì lè jọ jiyàn dọ́la, nítorí àwọn méjèèjì ní ìlà tí wọ́n ń tọ́ka sí. Aṣáré kò ní.

Bí ìwé bá ti òkè òkun wá

Má bẹ̀rù orúkọ àjèjì. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi àkọlé. José Rizal, dókítà ojú ọmọ Filipínì, tẹ ìwé ìtàn Noli Me Tángere jáde ní 1887. Èdè Látìn ni àkọlé náà, ó túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òun. Ẹni tó ń lọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi á rántí ibi tó ti wá: Ìyìn Rere Jòhánù, orí 20, ẹsẹ 17. Kí ni egbò tí ó dùn tó bẹ́ẹ̀, tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn? Bí o bá ti béèrè bẹ́ẹ̀, o ti wọnú ìwé náà. Àwọn ará Sípéènì yìnbọn pa Rizal ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, 1896. Ní 1956, wọ́n ṣòfin ní Filipínì pé kí àwọn ilé ìwé máa kọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ti Rizal bá jìnnà jù, wá Dekada '70, ìwé Lualhati Bautista, òun náà ọmọ Filipínì. Ìyá ọlọ́mọkùnrin márùn-ún ló ń sọ bí òfin ológun ti Ààrẹ Marcos ṣe wọ inú ilé rẹ̀. Ojúmilóṣe ni. Ìyá tó ti rí ọdún ìjọba ológun ní Nàìjíríà á mọ ìyá náà bí ẹni mọ aládùúgbò.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò

Ìdánwò Yorùbá ti WAEC pín sí èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà. Abẹ́ lítíréṣọ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ máàkì nù, nítorí wọ́n ń ka ìlò èdè bí ẹni ń ka ọjà lórí àtẹ: "Àwítúnwí wà níbẹ̀. Ìfọ̀rọ̀dárà wà níbẹ̀. Àfiwé tààrà wà níbẹ̀." Ó wà níbẹ̀, kí ló wá ń ṣe níbẹ̀?

Ohun mẹ́ta ni kí o máa so pọ̀. Dárúkọ ọnà èdè náà. Kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé tó jẹ́ ẹ̀rí. Sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Àpẹẹrẹ: "Òǹkọ̀wé lo àwítúnwí nígbà tó sọ 'ó gbá' lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ibi tí ìyá ń gbá ṣe ń jìnnà sí ilé rẹ̀ ni a ń rí i pé kò lè jókòó jẹ́ẹ́." Gbólóhùn méjì péré ni. Ó ju ojú-ìwé kan tó kún fún orúkọ ọnà èdè lọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Bí ìwé kíkà kò bá tíì wọ̀ ọ́ lára, fi Àjà Ló Lẹrù bẹ̀rẹ̀, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Nínú orí àkọ́kọ́, kọ ohun mẹ́ta tí Lápàdé ṣe sílẹ̀, má kọ irú ènìyàn tó jẹ́.

2. Ka Ó Le Kú (1974), ìwé ìtàn àròsọ tí Akinwùmí Ìṣọ̀lá kọ, kí o tó wo fíìmù rẹ̀ ti 1997. Wá ohun kan tí fíìmù yọ sílẹ̀. Sọ bí ìyẹn ṣe yí ojú tí o fi ń wo Àjàní padà.

3. Bẹ àgbàlagbà kan nílé yín kó pa àlọ́ kan fún yín lálẹ́. Bí ó bá ti parí, tó fẹ́ sọ ẹ̀kọ́ ibẹ̀, fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Bi àwọn ọmọdé tó jókòó ní ìbéèrè kan: ta ni kò sọ̀rọ̀ rárá nínú àlọ́ náà? Kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí o tó jẹ́ kí àgbà bá yín sọ tiwọn.